Tátù tuntun: plásítà fẹ́lẹ́, náílọ̀n oúnjẹ, àbí kẹ́ ẹ ṣí i sílẹ̀?

Tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ya tátù n'Ífẹ̀ níbí, nǹkan mẹ́ta lẹ ó máa gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn. Kẹ́ ẹ lẹ plásítà fẹ́lẹ́ tó mọ́ gaara yẹn mọ́ ọn, èyí táwọn tó ń ya tátù ń pè ní second skin, kẹ́ ẹ fi náílọ̀n tí wọ́n fi ń wé oúnjẹ wé e, àbí kẹ́ ẹ ṣí i sílẹ̀ kẹ́ ẹ máa fọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ máa fi nǹkan pa á. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ti kan ara mi, apá, ojúgun àti ẹ̀yìn èjìká, torí náà mi ò ní jókòó máa ka ẹ̀yìn páálí fún yín.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ti náílọ̀n sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò burú kẹ́ ẹ fi bò ó délé látọ̀dọ̀ ẹni tó yà á, wákàtí díẹ̀, kí eruku má bàa kó sí i, ó tán. Kì í jẹ́ kí ara mí, ẹ̀jẹ̀ òun òógùn á kóra jọ sábẹ́ ẹ̀, ẹni tó bá wá fi sùn mọ́jú ní Lágéré nínú oṣù kẹta tí ò sí iná á jí bá ọbẹ̀ níbẹ̀.

Plásítà fẹ́lẹ́ jọ náílọ̀n lójú lásán ni. Polyurethane, irú ike kan, ni wọ́n fi ṣe é, ooru ara ń gba inú ẹ̀ jáde, àmọ́ omi àti kòkòrò àìsàn ò ráyè wọlé. Ẹni tó bá ti gba omi sára rí ní ọsibítù á ti rí irú ẹ̀, Tegaderm tí ilé iṣẹ́ 3M kọ́kọ́ ṣe jáde, òun ni wọ́n fi ń di abẹ́rẹ́ mú lọ́wọ́. Àwọn míì bíi Saniderm, tátù gan-an ni wọ́n ń tà á fún. Èyí tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ lẹ̀ á wà níbẹ̀ bíi wákàtí 24, omi dúdú á kún abẹ́ ẹ̀, ẹ má pariwo, omi ara ni pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ àti ínkì tó ṣẹ́ kù, kì í ṣe pé tátù yín ń ṣàn lọ. Ẹ ṣí i, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ lẹ òmíràn, ìyẹn lè lo ọjọ́ 3 sí 5. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣí i, omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kẹ́ ẹ dà sí i, kẹ́ ẹ wá máa fà á gba ẹ̀gbẹ́, ẹ má fà á sókè.

Etí ẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò. Àwọn tó ń tà á á sọ bó ṣe fẹ́lẹ́ tó, wọ́n á sọ bó ṣe ń nà tó, kò sẹ́ni tó máa dárúkọ gọ́ọ̀mù. Ẹnì kan ta rólù olówó pọ́ọ́kú kan fún mi, kò sí orúkọ ilé iṣẹ́ kankan lára páálí ẹ̀, ó ní bákan náà ni gbogbo wọn. Ojúgun ni mo lẹ̀ ẹ́ mọ́. Kí n tó rìn dé géètì OAU, oòrùn ti bá gọ́ọ̀mù yẹn sọ̀rọ̀, etí ẹ̀ ti ká, eruku ti mọ́ ibi tó ká, nígbà tó fi máa di alẹ́ omi ti wọ abẹ́ ẹ̀ kò sì rọ́nà jáde, ibi tó ṣẹ́ kù sì wá lẹ̀ mọ́ ara tipátipá, nígbà tí mo ṣí i ó fa èèpá àti ínkì lọ pọ̀, ìlà mi wá ń já lọ́nà lọ́nà. Owó tí mo fi tún un yà ju owó ojúlówó plásítà lọ dáadáa, ẹni tó sì tà á fún mi ò gbé fóònù mọ́.

Torí ẹ̀, kẹ́ ẹ tó lẹ̀ ẹ́, ẹ fá irun ibẹ̀, kí ara gbẹ pátápátá, kò gbọ́dọ̀ sí òrí tàbí fasilín tàbí ohunkóhun tó ń yọ̀ lábẹ́ ẹ̀. Kó kọjá etí tátù ní sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 yíká. Ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kó rí róbótó, igun ló máa ń kọ́kọ́ ṣí. Ìgúnpá, orúnkún, ọrùn ẹsẹ̀, ibi tó bá ṣáà ti ń ká, á ṣí ni. Tó bá ti ṣí dé ibi tátù, ẹ yọ ọ́ dànù, ẹ má fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́, ẹ jọ̀ọ́.

Ara àwọn kan ò sì gba gọ́ọ̀mù. Á máa yún wọn, á lé ròrò gẹ́lẹ́ bí plásítà yẹn ṣe tó. Lára dúdú, pípọ́n kì í tètè hàn, ẹ máa wo wíwú àti gbígbóná. Tẹ́ ẹ bá rí ọyún tàbí ibà, ọsibítù ló kàn. Ẹ gé díẹ̀ kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú apá kẹ́ ẹ tó ya tátù rárá, kẹ́ ẹ rìn láti Mayfair dé Lágéré lọ́sàn-án gangan, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ ó mọ̀ bóyá ara yín gbà á, ẹ ó sì mọ̀ bóyá gọ́ọ̀mù ẹ̀ lè dúró de òógùn.

Ṣíṣí sílẹ̀ ni kò náni lówó. Ọṣẹ tí ò ní lọ́fínńdà, omi tó mọ́, ẹ̀ẹ̀mejì sí mẹ́ta lójúmọ́, kẹ́ ẹ fi òrí tín-ín-rín pa á. Ọṣẹ dúdú dára lóòótọ́ ṣùgbọ́n eérú inú ẹ̀ á ta egbò tuntun, ẹ jẹ́ kó jiná ná. Tí màmá àgbà bá ní omi ìgbín ńkọ́, ẹ kí wọn dáadáa, ẹ jẹ́ kí ìgbín máa lọ. Wàhálà ibẹ̀ ni pé bíi ọ̀sẹ̀ méjì ni yóò fi máa yún yín tí á máa bó, tó bá sì jẹ́ ìgbà ọyẹ́, eruku ọ̀kadà ń bẹ níta, bẹ́ẹ̀díṣíìtì ń lẹ̀ mọ́ ọn nínú ilé.

Ti aṣọ: plásítà ò jẹ́ kí ínkì kan aṣọ, ẹ lè wọ ṣẹ́ẹ̀tì alápá gígùn lọ sílé kí màmá má fura. Tí wọ́n bá fura, ẹ rán wọn létí pé àwọn orí idẹ tí wọ́n hú jáde ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ n'Ífẹ̀ níbí lọ́dún 1938, ilà ló kún ojú púpọ̀ nínú wọn. Wọ́n á ṣì gbá yín létí ṣá.

Ti àpá tó máa ń wú sókè, tó bá jẹ́ pé irú ẹ̀ máa ń yọ sí yín lára, kò sí èyí tó lè dènà ẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Èwo wá ni ká mú? Mi ò gbè sẹ́yìn ẹnì kan o. Ẹni tí ara ẹ̀ kórìíra gọ́ọ̀mù, ẹni tó ya orúnkún, ẹni tó ní àkókò láti máa fọ egbò lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ tí omi ò sì wọ́n nílé ẹ̀, kó ṣí i sílẹ̀. Ẹ̀yin yòókù tẹ́ ẹ ń lọ síbi iṣẹ́, tẹ́ ẹ ń gun ọ̀kadà, tẹ́ ẹ sì fẹ́ sùn lóru, ẹ ti mọ ohun tẹ́ ẹ máa rà. Kẹ́ ẹ lọ sí kẹ́místì, kẹ́ ẹ béèrè èyí tí wọ́n ń lò ní ọsibítù, tó wà nínú páálí tiẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀pọ̀ rólù ni wọn ò pa kòkòrò ara ẹ̀. Ẹ wo ọjọ́ tó máa bàjẹ́ lára ẹ̀, tó bá sì jẹ́ inú náílọ̀n ni wọ́n gé e sí, ẹ dá a padà fún wọn.