Strategy Tester ti TradingView: kó tó sọ fún yín pé èrè wà, ẹ fi kọmíṣọ̀n sí i ná

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ra ṣíà ní NGX, ìyẹn ọjà ṣíà Nàìjíríà, tẹ́ ẹ sì ń gbọ́ "edge, edge" (ọ̀nà ìràtà tó máa ń mú èrè wá tẹ́ ẹ bá ṣe é lọ́pọ̀ ìgbà) lójoojúmọ́ lẹ́nu àwọn tó ń ta signal, ìyẹn "ẹ rà á, ẹ tà á", lórí Telegram, Strategy Tester tó wà nínú TradingView, ìkànnì tí wọ́n ti ń wo ṣáàtì ṣíà, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀, torí òun ló máa jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá edge náà wà lóòótọ́ àbí ẹnu lásán ni.

Lílò ẹ̀ ò le. Ẹ ṣí ṣáàtì Zenith Bank, ẹ lọ síbi Indicators, ẹ mú ọ̀kan nínú àwọn strategy (òfin ìgbà tó yẹ kẹ́ ẹ rà àti ìgbà tó yẹ kẹ́ ẹ tà) tó ti wà níbẹ̀, bíi MovingAvg2Line Cross. Kíá ló máa padà sẹ́yìn lọ máa rà, lọ máa tà lórí iye tí ṣíà yẹn ń lọ látẹ̀yìnwá, ẹ máa rí ọfà níbi tó ti wọlé àti ibi tó ti jáde, nísàlẹ̀ ẹ máa rí èrè, iye ìgbà tó wín, profit factor (gbogbo èrè tẹ́ ẹ bá fi gbogbo àdánù pín in) àti max drawdown, ìyẹn ibi tí owó yín já wálẹ̀ dé jù kó tó gbérí padà.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ẹ̀ ni pé ó máa ń tú àṣírí àwọn "mo ń wín 80 pásẹ́ǹtì". Ẹni tó wín 80 nínú 100, tó bá jẹ́ ₦500 ló ń jẹ lórí ìkọ̀ọ̀kan, tí ₦3,000 sì ń lọ lórí 20 tó kù, ẹ ṣírò ẹ̀, ₦40,000 wọlé, ₦60,000 jáde, ó ti wọ gbèsè nìyẹn. Ẹlòmíì wín 40 péré, àmọ́ ₦2,500 ló ń jẹ tó bá wín, ₦1,000 ló ń lọ tó bá pàdánù, ₦40,000 ló máa kù sápò ẹ̀, ₦400 lórí ìkọ̀ọ̀kan. Edge gan-an nìyẹn. Ó gba àyà o, torí ẹni tó ń pàdánù 60 nínú 100, kó pàdánù bíi 7 tẹ̀léra ò ṣàjèjì rárá, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń jù ú sílẹ̀ lọ gba signal tuntun. Ẹ ṣí List of Trades kẹ́ ẹ fojú ara yín rí i.

(Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́nikẹ́ni má fi orúkọ Jim Simons, ará Amẹ́ríkà tó fi ìṣirò dolówó nídìí ìràtà, ta course fún yín. Oníṣirò ni bàbá yẹn títí tó fi kú ní 2024, ó pẹ́ tí wọ́n ti sé ilẹ̀kùn Medallion, àpò ìdókòwò ẹ̀, mọ́ àwọn ará ìta, ẹni tí edge ẹ̀ dájú kì í tà á ní 20k.)

Ibi tó ti wá ń dun èèyàn nìyí. Kọmíṣọ̀n tó wà nínú ẹ̀ tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i, òdo ni. Ó lè má dun àwọn ará Amẹ́ríkà, torí láti 2019 ni Charles Schwab àtàwọn búrókà ńlá wọn ti yọ kọmíṣọ̀n kúrò lórí ṣíà. Tiwa ńkọ́? Búrókà lè gbà tó 1.35 pásẹ́ǹtì, VAT wà lórí ìyẹn, owó SEC (àjọ tó ń ṣàkóso ọjà náà) wà níbẹ̀, ti NGX, ti CSCS (àwọn tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ṣíà), àti stamp duty, tẹ́ ẹ bá rà tẹ́ ẹ sì tún tà, gbogbo ẹ̀ pọ̀ lè lé ní 3 pásẹ́ǹtì dáadáa. Strategy tó ń jẹ 2 pásẹ́ǹtì nígbà kọ̀ọ̀kan dà bí ẹni tó ra tòmátì ní Mile 12 tí ò ka owó mọ́tò mọ́ ọn. Torí náà ẹ wọ Settings, ẹ lọ sí Properties, ẹ fi kọmíṣọ̀n yẹn síbẹ̀ kẹ́ ẹ tó wo èrè kankan, ọ̀pọ̀ èrè tó ń tàn yòò ló máa di àdánù lójú yín.

Ìkejì ni full offer, ìyẹn kó jẹ́ ẹni tó fẹ́ tà nìkan ló wà lọ́jà, èyí ò tiẹ̀ ní ibi tẹ́ ẹ ti lè tún un ṣe nínú Settings. Ní NGX, ṣíà ò lè já ju 10 pásẹ́ǹtì lọ lóòjọ́, tí ìròyìn burúkú bá dé, gbogbo èèyàn á fẹ́ tà, kò ní sí ẹni tó máa rà, ẹ máa tò sórí ìlà ni, lọ́la ó tún já. Tester ò mọ̀yẹn, ó máa kọ ọ́ pé ẹ ti tà, ẹ ti jáde. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń gba èsì ẹ̀ gbọ́ lórí àwọn ṣíà kéékèèké, àwọn bíi GTCO, Zenith àti MTNN tó ń rìn lójoojúmọ́ ni mo fi í wò.

Ẹ má sì máa yí nọ́ńbà inú strategy kiri títí èsì ẹ̀ fi máa dáa o. Ẹ fi iye tí ṣíà ń lọ láti 2015 sí 2020 tún un ṣe, kẹ́ ẹ wá fi ọdún tó kù wò ó láìfọwọ́ kàn án mọ́.

Ti owó TradingView, ọ̀fẹ́ ni mo ń lò, ìpolówó ń yọjú ṣáá, àmọ́ Tester ń ṣiṣẹ́. Dọ́là ni wọ́n fi ń gba owó èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tó bá ń ra ṣíà NGX tó ń dì í mú fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, mi ò rí ohun tó fẹ́ fi í ṣe, ẹ kúkú fi kún owó ṣíà yín.