Olùkọ́ àdáni àbí kíláàsì àpapọ̀: ohun tí ojú mi rí ní jíìmù kan n'Ìjẹ̀bú-Òde

Owó olùkọ́ àdáni ni mo san. Ó wà nínú rìsíìtì: wákàtí kan, èmi nìkan. Àfi bí mo ṣe wọlé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan tí mo bá ọkùnrin méjì lórí ẹní tí wọ́n máa ń tẹ́ sílẹ̀ dè mí. Kóòṣì ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká jọ ṣe é, iṣẹ́ kan náà ni."

Iṣẹ́ kan náà kẹ̀? Àwọn yẹn ń gbé irin kí àyà wọn lè fẹ̀. Èmi, dókítà ló ní kí n máa ṣeré ìdárayá nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, orókún mi ọ̀tún sì ń dùn mí. Ó ní ká gbé irin dání, ká lóṣòó. Ẹ̀yìn ló kọ sí mi, àwọn méjèèjì ló ń kà fún. Orókún mi ya wọnú, ìrora gba itan mi, kò tilẹ̀ mọ̀.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ọmọ náà mọṣẹ́. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ó kúnlẹ̀ síwájú mi, ó fi àtẹ́lẹwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orókún yìí kan náà, ó ní, "Mọ́mì, ẹ máa fi orókún ti ọwọ́ mi síta bí ẹ bá ń lọ sílẹ̀." Ìrora náà lọ. Òun ló kọ́ mi pé kí n má ṣe sé èémí bí mo bá ń gbé nǹkan wúwo, torí ó máa ń ti ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sókè lójijì. Kí n fẹ́ ẹ síta bí mo bá ń dìde. Ojú tó rí irú èyí ni mo sanwó fún.

Mo lọ bá ọmọbìnrin tó jókòó níwájú. "Ẹ má bínú mà, kóòṣì wa ò pọ̀." Máníjà jáde, ó ń pè mí ní "Ìyáa wa", ó ní èèyàn mẹ́ta ò tíì di kíláàsì. Mo bi í pé èèyàn mélòó ló máa pé kó tó dì í. Kò fèsì. Kò dá kọ́bọ̀ padà, ó ní kí n máa fi kíláàsì òwúrọ̀ dí i.

Ìbínú ni mo fi lọ. Ẹ wá wo ohun tí mo bá níbẹ̀! Àwọn obìnrin rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kan, ìyẹn ẹgbẹ́ ojúgbà ní Ìjẹ̀bú, ló pọ̀ jù, wọ́n ń múra ọdún Ojúde Ọba, tí í bọ́ sí ọjọ́ kẹta Iléyá. Wọ́n fẹ́ jó dé iwájú Ọba láìmí gúlegúle. Kí ọmọbìnrin tó ń kọ́ wa tó tan orin, ó béèrè ẹni tí orókún ń dùn àti ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ó kó wa sí ìlà iwájú. Bí àwọn yòókù bá ń fò, àwa ń gbẹ́sẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà fi máa ṣeré ìdárayá, ó kéré tán, ibí ni mo ti ń bá a pé, torí bí mo bá pa á jẹ, wọ́n á pè mí lórí fóònù títí dé ìsọ̀ mi l'Ọ́jà Òkè-Ajé.

Ṣùgbọ́n ojú ọmọbìnrin tó ń kọ́ wa yìí ò lè dé ìlà ẹ̀yìn. Mo rí ìyá kan níbẹ̀ tó tẹ ẹ̀yìn kodoro bí ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà nílẹ̀, kò sẹ́ni tó tún un ṣe. Orin wọn náà ti pọ̀ jù. Nítorí náà, ẹni tó bá ní àìsàn tàbí eegun tó ń dùn ún, kó kọ́kọ́ gba olùkọ́ àdáni títí á fi mọ bí wọ́n ṣe ń lóṣòó àti bí wọ́n ṣe ń mí, kó tó dara pọ̀ mọ́ èrò. Kó sì jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun nìkan ló ni wákàtí náà. Ti jíìmù yìí, wọ́n kọ ọ́, wọn ò tẹ̀ lé e.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún. Owó kíláàsì òwúrọ̀ ti oṣù tó ń bọ̀, mo ti san án.