Áńgílíkà ilé àti Áńgílíkà London: Bíbélì kan náà, ìdáhùn méjì

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé London, Áńgílíkà ló ń lọ níbẹ̀, Áńgílíkà náà la bí wa sí n'Ìbàdàn, àmọ́ tọ́rọ̀ bá ti kan ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin báyìí, àfi bíi pé ẹ̀sìn méjì ni.

Ti Nàìjíríà ò lọ́jú pọ̀ rárá. Lefitiku 18:22 àti Romu 1 ni wọ́n máa ṣí, ẹ̀ṣẹ̀ ni, ó parí.

Ti England ló ta kókó. Láti December 2023, àlùfáà lè gbàdúrà fún àwọn méjì bẹ́ẹ̀ nínú ìsìn àmọ́ kò lè so wọ́n pọ̀ o, torí òfin ìjọ ṣì ní ọkùnrin kan obìnrin kan ni ìgbéyàwó. Ọjọ́ tí fíkà wọn kéde ẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ní ìwé orin ọwọ́ òun lòun kàn tẹjú mọ́. Àwọn tó fara mọ́ ọn á ní ìṣekúṣe àwọn abọ̀rìṣà Romu ni Pọ́ọ̀lù ń bá wí, wọ́n á tún fa aṣọ tí Pétérù rí lójú ìran ní Ìṣe 10 yọ, èyí tó kún fún ẹran tí àwọn Júù kà sí àìmọ́, tí Ọlọ́run ní kó pa jẹ. Èmi ò rò pé aṣọ yẹn gbé ọ̀rọ̀ yìí, ṣebí Ìṣe 15 ṣì ní kí àwọn kèfèrí tó gbàgbọ́ sá fún àgbèrè.

Ṣùgbọ́n tilé náà kù díẹ̀ káàtó: ìpinnu tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà káàkiri ayé ṣe ní ìpàdé Lambeth 1998, tó ní irú ìwà yìí lòdì sí Bíbélì, tí wọ́n fi ń lérí yẹn, ibẹ̀ náà ló ti ní kí ìjọ tẹ́tí sí àwọn tọ́rọ̀ yìí kàn gan-an. Ta ló ń ka apá yẹn lórí pẹpẹ?