Epo ẹja tí mo rà l'Adó-Èkìtì: ìgò kìíní dára, èkejì dùn mí

Nígbà tí dókítà sọ fún mi pé ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ mi ti pọ̀ jù, ó ní kí n jáwọ́ nínú ọtí ẹlẹ́rìndòdò, kí n sì máa jẹ ẹja. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, mo wá ra epo ẹja oníkápúsù kún un.

1000 mg ni wọ́n kọ gàdàgbà síwájú ìgò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí i sẹ́yìn kẹ́ ẹ tó sanwó. Ohun tí mo bá níbẹ̀ ni EPA 180, DHA 120, ìyẹn irú ọ̀rá méjì tó wúlò nínú epo ẹja. 300 péré! Torí àwọn méjèèjì yìí gan-an la sì ṣe ń rà á.

Ọ̀pọ̀ ọ̀rá ni ara ń ṣe fúnra rẹ̀, àmọ́ ní ti linoleic acid àti alpha-linolenic acid, àfi ká jẹ wọ́n. Láti ọdún 1929 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, George Burr àti Mildred ìyàwó rẹ̀, ti fi èkúté hàn ní Amẹ́ríkà pé ọ̀rá inú oúnjẹ pọn dandan: àwọn tí wọn ò fún ní ọ̀rá, ìrù wọn ń bó, wọn ò sì dàgbà dáadáa. Linoleic kún inú ẹ̀gúsí wa, ìyẹn ò wọ́n wa. Awùsá ní alpha-linolenic, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ ni ara ń sọ di EPA, ti DHA tilẹ̀ kéré sí i. Ẹja ló ní méjèèjì ní tààrà.

Ìgò kìíní ò fún mi ní wàhálà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, àyẹ̀wò fi hàn pé ọ̀rá náà ti wálẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò lè gbé gbogbo ọpẹ́ fún kápúsù.

Èkejì ni mo rà ní ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n to ìgò sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tí oòrùn ọ̀sán ń pa á. Láti ọjọ́ kejì, bí mo bá ti gùnfẹ̀, òórùn burúkú ló ń tẹ̀ lé e. Mo fi abẹ la kápúsù kan sínú ṣíbí. Ìyá mi gbóòórùn rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, wọ́n ní, "Ṣé ẹ ń kun ilé ni?" Lóòótọ́, bí ọ̀dà ló ń rùn. Ooru, ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ máa ń tètè ba irú epo yìí jẹ́, ọjọ́ tí wọ́n kọ sára ìgò ò sì tíì pé rárá. Wọn ò gbà á padà lọ́wọ́ mi. Ó dùn mí gan-an.

Ìràwọ̀ mẹ́ta ni mo fún un. Bí ẹ bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kẹ́jẹ̀ dì, ẹ kọ́kọ́ bá dókítà yín sọ̀rọ̀. Ní tèmi, ẹja Titus láti Ọjà Ọba ni mo ń sè sínú ẹ̀fọ́ rírò báyìí, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀.