Ẹ Ṣọ́ra fún Àwọn Tó Ń Ta Irúgbìn Róòsì Aláwọ̀ Búlúù

Ẹ̀yin olólùfẹ́ òdòdó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ọ̀rọ̀ yìí kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Àwọn oníjìbìtì kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń ta irúgbìn róòsì: róòsì búlúù, róòsì dúdú kirikiri, róòsì tí oríṣiríṣi àwọ̀ wà lára òdòdó kan ṣoṣo. Àwòrán rẹ̀ a máa dán, irúgbìn inú ọ̀rá a pọ̀, owó rẹ̀ a sì kéré débi pé èèyàn kò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Irọ́ ni. Kò sí irúgbìn kankan tí ẹ lè rà gbìn sí ọgbà tí yóò yọ òdòdó róòsì búlúù.

Delphinidin ni orúkọ èròjà tó ń fún ọ̀pọ̀ òdòdó ní àwọ̀ búlúù. Róòsì kò ní ohun tó fi ń pèsè rẹ̀ nínú ara. Ilé-iṣẹ́ Suntory ní Japan àti Florigene ní Ọsirélíà ló jọ fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, tí wọ́n mú jíìnì (ohun inú ara tó ń pinnu bí nǹkan ẹlẹ́mìí ṣe máa rí) láti ara òdòdó mìíràn tó ń jẹ́ pansy wọ inú róòsì. Ọdún 2004 ni wọ́n kéde àṣeyọrí wọn, ọdún 2009 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní Japan, wọ́n pè é ní Applause. Pẹ̀lú gbogbo wàhálà yẹn, ẹni tó bá fojú rí i yóò sọ pé elésè àlùkò tí kò jinlẹ̀ ni, kì í ṣe búlúù bíi ti ojú ọ̀run. Òdòdó tí wọ́n ti gé ni wọ́n sì ń tà, kì í ṣe irúgbìn inú ọ̀rá. Bí àwọn onímọ̀ tó ní irinṣẹ́ àti owó bá ṣe é tó jẹ́ ibi tó dé nìyẹn, níbo ni ẹni tí kò lórúkọ, tí kò ní àdírẹ́sì, ti rí tirẹ̀?

Àwọn róòsì búlúù tí ẹ máa ń rí níbi ayẹyẹ, wọ́n pa wọ́n láró ni. Róòsì funfun ni wọ́n máa ń gé, wọn a ki igi rẹ̀ bọ inú omi aláró, òdòdó náà a sì fa àró yẹn mu títí yóò fi dé ara ewé òdòdó rẹ̀. Èyí tó ní àwọ̀ púpọ̀, igi rẹ̀ ni wọ́n là sí ọ̀nà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí wọ́n ki ọ̀kọ̀ọ̀kan bọ àró tirẹ̀. Kò sóhun tó burú nínú iṣẹ́ yẹn bí ẹni tó ń tà á bá sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àró kì í wọ inú irúgbìn. Ní ti róòsì dúdú, pupa tó jinlẹ̀ gan-an ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé e sínú oòrùn, ẹ óò rí pupa rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí jù ni pé òótọ́ kan ni wọ́n fi ń bo irọ́ wọn mọ́lẹ̀. Irúgbìn róòsì kì í tètè hù. Ó máa ń fẹ́ wà níbi tó tutù tó sì ní ọ̀rinrin, nǹkan bíi 4°C, fún ọ̀sẹ̀ 6 sí 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó jí, lẹ́yìn náà kó tún fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan sùn nínú ilẹ̀. Òǹtajà mọ èyí dáadáa. Tí ẹ bá kọ̀wé sí i pé ẹ ò rí nǹkan kan, yóò fi ohùn pẹ̀lẹ́ dá yín lóhùn pé róòsì kì í yára, pé kí ẹ ní sùúrù. Ẹ ó sì ní sùúrù, nítorí pé ẹ ti kà á níbòmíràn pé bẹ́ẹ̀ ló rí lóòótọ́. Nígbà tí ohun tó hù bá fi máa dàgbà débi tí ẹ óò fi mọ̀ pé koríko lásán ni, àkókò tí ẹ lè fi gba owó yín padà ti kọjá, òǹtajà náà sì ti yí orúkọ padà, ó ń ta ọ̀rá kan náà fún ẹlòmíràn. Sùúrù yín gan-an ni ọjà tó ń tà.

Ká tiẹ̀ wá sọ pé irúgbìn róòsì gidi ló fi ránṣẹ́. Síbẹ̀, irúgbìn tó wá láti ara róòsì tí wọ́n ti pò pọ̀ kì í jọ ìyá rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí kì í fi irúgbìn sọ róòsì tó lórúkọ di púpọ̀. Ẹ̀ka rẹ̀ ni wọ́n ń gé gbìn, tàbí kí wọ́n so ojú ẹ̀ka rẹ̀ mọ́ gbòǹgbò róòsì mìíràn tó lágbára. Àwọn róòsì inú igbó, irú bíi Rosa rugosa àti Rosa canina, irúgbìn tiwọn ṣeé gbìn, àwọn òǹtajà olóòótọ́ sì ń tà á. Àwọn yẹn yóò sọ orúkọ igi náà fún yín, wọn kò ní ṣèlérí àwọ̀ òṣùmàrè.

Ewu míì tún wà nínú ọ̀rá yẹn. Ní ọdún 2020, ọ̀pọ̀ èèyàn ní Amẹ́ríkà gba irúgbìn tí wọn kò rà nínú lẹ́tà tó dà bíi pé ó wá láti Ṣáínà, wọ́n sì kọ ọ́ sára òmíràn nínú wọn pé ohun ọ̀ṣọ́ ló wà nínú rẹ̀. Iléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn ibẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n bá irúgbìn róòsì àti ti hibiscus nínú rẹ̀, wọ́n sì kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má gbìn ín. Irúgbìn tí a kò mọ orísun rẹ̀ lè gbé àrùn wọ ọgbà, ó sì lè di koríko tí apá kò ní ká. Bí irú rẹ̀ bá dé ọwọ́ yín, ẹ má gbìn ín, ẹ má dà á sórí ààtàn. Ẹ fi sílẹ̀ nínú ọ̀rá rẹ̀ kí ẹ sì fi tó àwọn aláṣẹ ètò ọ̀gbìn ibi tí ẹ wà létí.

Àwọn tó ń ta igi róòsì náà ní ọgbọ́n àrékérekè tiwọn. Àwọn kan a gé ẹ̀ka tó ní òdòdó, wọn a kàn rì í mọ́ inú ọ̀rá tó kún fún ilẹ̀. Omi tó kù nínú igi yóò jẹ́ kí ewé rẹ̀ tutù fún ọjọ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà yóò rọ. Kí ẹ tó sanwó, ẹ fọwọ́ fa igi náà díẹ̀: bó bá ní gbòǹgbò, kò ní yọ bọ̀rọ̀. Ẹ wo ihò ìsàlẹ̀ ìkòkò náà, gbòǹgbò a máa yọ jú níbẹ̀. Bó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ẹ ti ń rà á, ẹ ní kó ya fídíò ibi tó ti ń yọ igi yẹn gan-an jáde nínú ìkòkò. Ẹni tó bá kọ̀, ẹ fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀.

Òmíràn ni igi tí wọ́n so mọ́ gbòǹgbò róòsì mìíràn, tí ojú ẹ̀ka tó lẹ́wà ti kú lórí rẹ̀, tó jẹ́ gbòǹgbò ìsàlẹ̀ yẹn ló ń yọ ewé. Yóò dàgbà wìtìwìtì, ẹ óò máa yọ̀, àfi ìgbà tó bá yọ òdòdó funfun kéékèèké tàbí pupa tó ṣókùnkùn tí ẹ kò rà. Ẹ wá ibi tó wú díẹ̀ nísàlẹ̀ igi, níbi tí wọ́n ti so méjèèjì pọ̀. Òkè ibẹ̀ ló yẹ kí gbogbo ẹ̀ka ti jáde. Àwọn kan máa ń sọ pé kí a ka ewé kéékèèké tó wà lórí ọ̀pá ewé kan, pé márùn-ún ni tòótọ́, méje ni ti gbòǹgbò. Ẹ má gbára lé ìyẹn, ọ̀pọ̀ róòsì gidi ló ní méje. Bí ẹ bá rí kókó tó le, tó rí wúruwùru nísàlẹ̀ igi tàbí lára gbòǹgbò, ẹ má gbé e wọlé: àrùn lè ni, kì í sì í lọ kúrò nínú ilẹ̀ bọ̀rọ̀.

Igi tí wọ́n tà láìsí ilẹ̀ lára gbòǹgbò rẹ̀ kì í ṣe jìbìtì, ẹ má bẹ̀rù rẹ̀. Ó lè máà ní ewé kankan. Ẹ fi èékánná ha èèpo rẹ̀: bí abẹ́ rẹ̀ bá jẹ́ aláwọ̀ ewé, ó wà láàyè. Bó bá gbẹ, tó jẹ́ àwọ̀ ilẹ̀ jálẹ̀jálẹ̀, òkú igi ni.

Ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ìdáhùn àkọ́kọ́ tí òǹtajà burúkú máa ń fúnni ni pé ẹ kò tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Ìtọ́jú róòsì tuntun kò sì nira tó bẹ́ẹ̀: oòrùn wákàtí 6 ó kéré tán lójúmọ́, ilẹ̀ tí omi kì í dúró sí, omi ní ìsàlẹ̀ igi dípò orí ewé, kí a sì má tètè da ajílẹ̀ tó le sí i. Èyí tí kò ní ilẹ̀ lára, ẹ fi gbòǹgbò rẹ̀ sínú omi fún wákàtí díẹ̀ kí ẹ tó gbìn ín. Bí ẹ bá ṣe gbogbo èyí tí igi náà sì kú láàárín ọ̀sẹ̀ kan, bí ó ṣe dé ọwọ́ yín ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ewé kan tàbí méjì tó bọ́ nìkan kì í ṣe ẹ̀rí, igi tó rìnrìn àjò a máa ju ewé.

Torí náà, ẹ ya fídíò bí ẹ ṣe ń tú ẹrù náà, láti orí lẹ́tà tó wà lára rẹ̀ títí dé gbòǹgbò. Ẹ sanwó ní ọ̀nà tó ṣeé gbà padà. Ẹ tọ́jú àwòrán ìpolówó rẹ̀, nítorí wọ́n máa ń pa á rẹ́. Bí ẹ bá sì ti ra irúgbìn búlúù yìí tí àkókò àtigbowó padà kò tíì kọjá, ẹ má dúró kó hù. Ẹ kọ̀wé béèrè owó yín lónìí, kí ẹ sọ fún wọn pé ohun tí wọ́n polówó kò sí láyé.