Ìwé Òfin Ẹ̀rí tí mo rà nítòsí kóòtù Ìyágankú: ó tówó ẹ̀, àmọ́ ẹ yẹ inú ẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó sanwó

Aránṣọ ni mí ní Mọ́kọ́là n'Íbàdàn, èmi kì í ṣe lọ́yà, nítorí náà ẹ̀yìn ìwé lojú mi kọ́kọ́ lọ. Wọn ò rán an. Gọ́ọ̀mù lásán ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́. Nígbà tó máa fi pé ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ti ń ṣí i pa á dé, ewé mẹ́fà ti já bọ́. Èmi náà mú òwú dúdú, mo ṣẹ́ ẹ po sí méjì, mo fi abẹ́rẹ́ ńlá rán an láti òkè délẹ̀. Láti ìgbà yẹn, kò já mọ́.

Lábẹ́ agboòrùn kan létí títì ni mo ti rà á. ₦3,000 lẹni tó ń tà á pè é, mo ná an dé ₦2,500. Evidence Act ọdún 2011 ni, Òfin Ẹ̀rí tí kóòtù májísíréètì àti kóòtù gíga ń lò káàkiri Nàìjíríà, abala 259.

Kí ló kan aránṣọ nínú ẹ̀? Àbúrò mi ọkùnrin ni. Fóònù ló ń tún ṣe. Oníbàárà kan gbé fóònù wá, ó ní ojú ẹ̀ fọ́, ó san díẹ̀ sílẹ̀, kò padà wá mọ́. Ọlọ́pàá ló wá. Wọ́n ní ẹrù olè ni, wọ́n gbé àbúrò mi lọ kóòtù. Gbogbo ẹni tí mo ṣàlàyé fún, òwe kan náà ni wọ́n ń pa fún mi: ẹni tó gbé epo lájà ò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. Ó dé ibi tí mo ń gba ẹ̀yìnkùlé wọ ṣọ́ọ̀bù ara mi.

Abala 167 ni ìwé yìí ti dá owó mi padà. Ó ní tí wọ́n bá ká ẹrù olè mọ́ èèyàn lọ́wọ́ kété tí wọ́n jí i, ilé ẹjọ́ lè gbà pé òun ló jí i, tàbí pé ó gbà á tòun ti pé ó mọ̀ pé ẹrù olè ni, àyàfi tó bá lè ṣàlàyé bó ṣe dọ́wọ́ ẹ̀. Mo ka "lè gbà" yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Wọn ò sọ pé ó gbọ́dọ̀ gbà. "Àyàfi" sì tún wà níbẹ̀! Àbúrò mi ní ìwé kékeré kan aláwọ̀ ewé tó máa ń kọ iṣẹ́ sí: déètì, orúkọ, nọ́ńbà, ohun tó bàjẹ́, iye tí wọ́n san sílẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ yẹn la lọ tú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀. Abẹ́ páálí ṣájà la ti rí i, epo àkàrà ti ta sí i lẹ́yìn, àmọ́ ojú ewé tí à ń wá mọ́ kedere.

Lọ́yà wa, ọmọdé tí àkọ́bí mi dàgbà jù lọ, rẹ́rìn-ín nígbà tí mo gbé ìwé aláwọ̀ ewé náà dé. Ó ní, "Màmá, ẹ ti ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi." Ó wá kìlọ̀ fún mi pé kí n má ṣì í gbọ́: kì í ṣe àwa la máa fi hàn pé àbúrò mi ò jalè. Abala 135 nìyẹn. Ẹni tó ní èèyàn dá ọ̀ràn ni kó fìdí ẹ̀ múlẹ̀ débi tí kò ní sí iyèméjì tó mọ́gbọ́n dání. Ní àdúgbò tiwa, bí wọ́n bá ti fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ sí ọ lọ́wọ́, ẹjọ́ ti parí.

Ti ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní ó kọ ní tésàn ńkọ́? Àbúrò mi ní wọ́n gbá òun létí kóun tó fọwọ́ sí i. Ẹ lọ ka abala 29. Ìjẹ́wọ́ tí wọ́n fi ìyà tàbí ìhàlẹ̀ gbà, kóòtù ò gbọ́dọ̀ gbà á, ẹni tó gbé e wá ló sì máa fi hàn pé wọn ò fìyà gbà á. Wọ́n dá ẹjọ́ gan-an dúró, wọ́n wá ń ṣe òmíràn lórí bébà yẹn nìkan. Ẹjọ́ inú ẹjọ́ ni mo ń pè é, bíi láínìn inú ẹ̀wù kóòtù tí à ń wọ̀. Nígbà tó parí, wọn ò gba bébà náà wọlé.

Ọjọ́ tó dùn mọ́ mi jù ni ọjọ́ tí ẹlẹ́rìí wọn kejì dúró nínú àpótí tó ní, "Wọ́n ní ó pẹ́ tó ti ń ra fóònù olè." Akọ̀wé kóòtù ò tíì túmọ̀ ẹ̀ sí gẹ̀ẹ́sì tán tí lọ́yà wa fi dìde. Adájọ́ bi í pé ta ló ní. Ó ní àwọn ará ọjà. "Àwọn ará ọjà dà?" Ó dákẹ́. Èmi tí mo jókòó lẹ́yìn ti mọ̀: abala 38 ò fẹ́ wọ́n-ní-wọ́n-ní, abala 82 ò sì fẹ́ kí wọ́n máa fi ìwà burúkú tẹ́lẹ̀ de èèyàn mọ́ ẹjọ́ tòní. Gbólóhùn kan, abala méjì ló tẹ̀ mọ́lẹ̀.

(Ọkọ mi tó ń wa máíkírà ò ka nǹkan míì ju abala 203 lọ: èrò ẹnì kan ṣoṣo pé o sáré jù ò tó láti fi dá ọ lẹ́bi. Ó ní kí n ṣe fótókọ́pì ẹ̀ fóun.)

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ àléébù ẹ̀. Lẹ́tà ibẹ̀ kéré bí ojú abẹ́rẹ́. Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ nípọn, ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi tú u. Èyí tó dùn mí jù ni abala 84, tó sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rí orí kọ̀ǹpútà. Kámẹ́rà ṣọ́ọ̀bù òdìkejì ká oníbàárà yẹn níbi tó ti ń gbé fóònù náà wá. Lọ́yà ní a nílò ìwé ẹ̀rí tó máa bá fídíò náà rìn. Mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ bí ìwé mi ṣe wí, mo gbé e dé ọ́fíìsì pẹ̀lú ayọ̀. Ó wò ó, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá, wọ́n ti tún òfin yìí ṣe lọ́dún 2023." Wọ́n ti fi àkọsílẹ̀ orí ẹ̀rọ àti ìfọwọ́sí orí ẹ̀rọ kún un. Kò sí ẹyọ kan níbẹ̀ nínú tèmi. Mo padà lọ bá ẹni tó tà á. Kò tiẹ̀ yà á lẹ́nu. Ó ní, "Àǹtí, èyí tó ní 2023 wà, ₦4,000 ni."

Mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún un. Tẹ́ ẹ bá lẹ́ni ní kóòtù, ẹ rà á, àmọ́ ẹ ṣí i sí abala 84 kẹ́ ẹ tó yọ owó.

Ẹjọ́ ṣì ń lọ. Oṣù tó ń bọ̀ ni àbúrò mi máa wọ àpótí. Òfin ò fipá mú un, òun ló ní òun máa sọ tẹnu òun. Ìwé aláwọ̀ ewé náà wà nínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mo fi rọ́bà dì í.