Ẹ Ṣọ́ra fún Ẹni Tó Ń Ta "Jordan 1985" Lórí WhatsApp

Ẹ̀yin olólùfẹ́ bàtà, ẹ dáwọ́ dúró ná kí ẹ tó fowó ránṣẹ́. Ọkùnrin kan ń ta Air Jordan 1 aláwọ̀ pupa, funfun àti dúdú, bàtà Nike tí wọ́n fi orúkọ Michael Jordan, gbajúmọ̀ agbábọ́ọ̀lù agbọ̀n Amẹ́ríkà, pè, ó ní ojúlówó ti 1985 ni, pé ẹ̀gbọ́n òun ló fi ránṣẹ́ láti Chicago. Irọ́ gbuu ni.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti rà á. Nígbà tí bàtà dé, mo wo aṣọ pélébé tí wọ́n kọ sáìsì sí nínú rẹ̀. Nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ ni 555088-101. Ẹni tó bá mọ Jordan á ti máa rẹ́rìn-ín: nọ́ńbà èyí tí Nike tún ṣe jáde ní 2015 nìyẹn. Báwo ni bàtà 1985 ṣe fẹ́ gbé nọ́ńbà 2015? Òun gan-an kì í sì í ṣe ti 2015 gidi. Òwú ń tú létí rẹ̀, àmì ìyẹ́ tí wọ́n tẹ̀ sí ọrùn ẹsẹ̀ wọ́, òórùn gọ́ọ̀mù sì gba gbogbo yàrá. Ayédèrú tó ń parọ́ ọjọ́ orí!

Mo mọ ìdí tí ẹ̀tàn yìí fi ń mú èèyàn. Dọ́là 65 ni wọ́n ń ta bàtà yìí lọ́dún 1985. NBA, líìgì bọ́ọ̀lù agbọ̀n Amẹ́ríkà, kọ̀wé sí Nike pé bàtà aláwọ̀ dúdú àti pupa tí Michael Jordan wọ̀ ò bá òfin mu, Nike bá fi ọ̀rọ̀ náà polówó ọjà. Láti 1994 ni wọ́n ti ń tún un ṣe jáde, tí àwọn ọmọ tí wọn ò tíì bí nígbà tí Jordan fẹ̀yìn tì ní 2003 sì ń du ú. Gbogbo ìtàn yìí ni oníjìbìtì náà mọ̀ lórí.

Ó tún ń ta Jordan 4 ti 1999, "ẹnikẹ́ni ò wọ̀ ọ́ rí." Ìyẹn lè jẹ́ ojúlówó, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Fóòmù tó wà láàárín awọ òkè àti rọ́bà ìsàlẹ̀, polyurethane ni. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ì báà má kúrò nínú páálí. Lọ́jọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ fi rìn, á rún wómúwómú bíi búrẹ́dì tó ti gbẹ. Àwọn kan máa ń fi ọ̀dà funfun bo ojú ẹ̀. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ dáadáa: bí ọ̀dà bá ń bó, tàbí ojú rẹ̀ ń sán, ẹ dá a padà. Ẹni tó bá fẹ́ wọ bàtà rìn, kó ra èyí tí wọ́n ṣe láìpẹ́.

Mi ò bá ẹni tó ń ta ayédèrú ní Yaba, tó sì sọ bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà, jà o. Iye tó pè é ti sọ òótọ́. Tọkùnrin yìí yàtọ̀. Ó ń gba gbogbo owó kó tó fi ọjà sí wéébìlì, kì í gbé ìpè fídíò, bí ẹ bá sì ní kó kọ déètì òní sórí ìwé kó yà á pọ̀ mọ́ bàtà, èébú ló kàn.

Ó ń pààrọ̀ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù, àmọ́ àwòrán bàtà kan náà ló ń lò. Bí ẹ bá ti sanwó fún un, ẹ pe báǹkì yín lónìí, kí ẹ sì tọ́jú rìsíìtì àti gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ sọ lórí WhatsApp kó tó pa á rẹ́.